Ẹ Máa Làágùn Nítorí Imú Yín

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń sùn ní Sharjah tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, ìjókòó yín ti pọ̀ jù. Ẹ jí láfẹ̀mọ́jú, ẹ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Al Ittihad, ẹ jókòó lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tún jókòó bọ̀ wálé. Ẹni tó ń ru ẹrù ní Naif tàbí tó ń kọ́lé kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin onífìlà àti onígèlè ọ́fíìsì ni.

Ẹ ti gbọ́ pé eré ìdárayá dára fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ìtọ̀ ṣúgà. Ti imú ni wọn kì í sọ. Ní ìlú Beaver Dam, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tẹ̀lé èèyàn 1,611 fún ọdún tó tó mẹ́wàá. Ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 53 títí dé 97, imú gbogbo wọn sì ń gbọ́ òórùn dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní 2013, wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣeré ìdárayá títí wọ́n fi ń làágùn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni imú wọn kò tètè dáṣẹ́ sílẹ̀: ewu tiwọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí ti àwọn yòókù. Ìyẹn kò fi hàn pé eré nìkan ló ṣe é o, torí ẹni tó ń sáré sábà máa ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi! Ta ni ìyẹn pọ̀ jù fún?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìyẹn. Kòrónà gba òórùn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú, àwọn kan kò sì tíì rí i gbà padà. Ẹni tí imú rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ pé gáàsì ń jò nínú kíṣìnnì tí èèyàn mẹ́fà jọ ń lò. Ẹ̀yin tó sì ń ra oud, tùràrí àti lọ́fínńdà ní Deira láti kó lọ sí ọjà Balógun l'Ékòó, kí lẹ fi ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú? Imú yín ni owó ìdókòwò yín. Àwọn ọmọ ìlú Dubai fúnra wọn ka òórùn dídùn sí débi pé wọ́n ya ilé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ibi ìṣẹ̀ǹbáyé Al Shindagha. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ṣíṣà lọ. Èéfín ń ba imú jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣeré ìdárayá, ẹ rántí pé oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣeré níbí. Láti 15 oṣù kẹfà sí 15 oṣù kẹsàn-án, ìjọba kì í gbà kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí 3:00 ọ̀sán. Ní àwọn oṣù yẹn, inú àwọn ilé ìtajà ńlá ni kí ẹ ti rìn, kí ẹ rìn kánkán. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ibi ìgbafẹ́ Al Majaz wà ní Sharjah, Al Mamzar sì wà láàrin Sharjah àti Dubai. Láti 2017 ni Dubai ti ń pe gbogbo ènìyàn sí eré ìdárayá ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́ fún 30 ọjọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ti ojú ọ̀nà Sheikh Zayed fún àwọn tó ń sáré. Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ lọ.

Ẹni tí òórùn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, má jókòó máa wò. Ní 2009, onímọ̀ nípa òórùn, Thomas Hummel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, ní kí àwọn aláìgbóòórùn máa gbóòórùn òdòdó róòsì, lẹ́mọ́ọ̀nù, kànáfùrù àti yukalípítọ́ọ̀sì láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ran àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́. Kànáfùrù kò wọ́n ní Deira. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, dókítà ni kí o lọ rí, kí o má sì fi pamọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kí wọ́n lè máa bá ọ ṣọ́ gáàsì náà.