Iyè Ló Ra, Kì Í Ṣe Ìrántí

"Ìrántí rẹ̀ ló bàjẹ́, Màmá. Òun ni kò jẹ́ kí Windows dúró lórí ẹ̀."

Bí mo ṣe wí nìyẹn lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nílé àbúrò mi ní La Porte ní Texas, nígbà tí ìyá wa pè láti Ìṣẹ́yìn kí ó tó lọ sùn. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà: "Ìrántí ta ni? Ta ló kú tí ẹ ò sọ fún mi?"

Mo sáré fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kú, kọ̀ǹpútà ni à ń bá jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó súre fún wa, ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn tèmi. Ìyá wa kò ṣì í gbọ́. Èmi ni mo ṣì í lò.

Ìṣe ni ìrántí. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ni nígbà tó bá mú ọ̀rọ̀ àná padà wá sọ́kàn, tàbí ohun tí a gbé kalẹ̀ kí ará ẹ̀yìn má baà gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i lábẹ́ àwòrán olóògbé nínú ìwé ìròyìn: "Ìrántí ọdún kẹwàá." Ní La Porte níbí, ìrántí tó ga jù lọ ń wo gbogbo wa láti òkè: ọwọ̀n San Jacinto, tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Houston. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 567. Wọ́n kọ́ ọ láàárín 1936 sí 1939 nítorí ìjà tí àwọn ará Texas bá ọmọ ogun Mẹ́síkò jà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1836, ìjà tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Igbe tí wọ́n ń ké bí wọ́n ṣe ń rọ́ lu ibùdó ọ̀tá ni pé kí oníkálukú rántí Alamo, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ará wọn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹni tó bá pe ilé gíga yìí ní ọwọ̀n ìrántí, èdè rẹ̀ gún régé.

Ibi tí ìrántí ti ń jáde wá ńkọ́? Iyè ni. Iyè ni agbára inú ènìyàn tó ń di ọ̀rọ̀ mú. Ẹni tí nǹkan kì í bọ́ lórí rẹ̀, oníyè ni à ń pè é. Ọmọ tó ń kọ́ Ifá, tó ní láti há ẹsẹ lórí ẹsẹ sórí, wọn a máa lo ìsọ̀yè fún un. Àgbàlagbà tó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, iyè rẹ̀ ló ti ra. Ẹni tí oníjìbìtì bá sọ̀rọ̀ sí lójú ọ̀nà, tó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó owó fún un, wọ́n ra á níyè ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe bí ọmọ tó! Gbogbo wọn wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa.

Apá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní RAM, èyí tí mo pè ní ìrántí fún ìyá wa, iyè ni. Ọpọlọ ni ẹ̀yà tó ń ṣírò. Díìsìkì tí à ń kó fọ́tò àti ìwé sí, àká ni: bí iná bá lọ lóṣù mẹ́ta, ohun tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Iyè ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọpọlọ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń dì mú, bí iná bá sì ti lọ, ó ṣófo. Iná tín-ín-rín tó ń di ọ̀rọ̀ mú nínú rẹ̀ máa ń jò bí agbè tó lu. Láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti tún bu kún gbogbo rẹ̀ pátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ á dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀. Iye ni à ń béèrè lọ́jà: iye owó, iye ènìyàn. Ìyè ni ẹ̀mí, ìyàtọ̀ sí ikú. Iyè, ohùn àárín tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, nìkan ló ń di ọ̀rọ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí kọ̀ǹpútà náà. Àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté àwọn àpótí ńláńlá ní Barbours Cut, fẹ́ tún ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ó gbé Windows sínú fláàṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó dé 81. Ìgbà kẹta, kò tilẹ̀ dé 20.

"Bùrọ̀dá, ẹ wá wò ó, ó tún ti kú o."

"Ṣé ó kú ni, àbí ó takú?"

Ó wò mí bíi pé mo ń fi àkókò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ni ìdajì iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà tó kú ni èyí tí a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí kò sí iná, tí kò sí ariwo fáànù. Okùn iná àti ohun tó ń pín iná fún un ni kí a lọ wò. Èyí tó takú wà láàyè, bí ọkọ̀ tó takú lójú títì: iná rẹ̀ ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n a fa máòsì títí, kò mira. Èyí tó dákú ni tirẹ̀ tún yàtọ̀: ojú rẹ̀ á ṣàdédé di búlúù, á kọ ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀, á kú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ó dákú, ó jí. Ẹni tó ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "ó ti bàjẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ bá a tún un ṣe.

Ti àbúrò mi takú lẹ́ẹ̀mejì, ó dákú lẹ́ẹ̀kan, MEMORY_MANAGEMENT ló sì kọ nígbà tó dákú. Ohun mìíràn wà tí mo fi fura. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ń dúró sí nígbà gbogbo, fláàṣì ni mi ò bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí fáìlì tó bàjẹ́ kì í kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dúró níbí lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la, ẹ̀rọ tí iyè rẹ̀ ra ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí à ń gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ ni àṣírí rẹ̀ tú? Àbúrò mi ti ń fi ẹ̀rọ yìí wo fíìmù láti ọjọ́ yìí, kò mọ nǹkan kan. Ẹrù tí wọ́n dì pọ̀ pinpin ni Windows nínú fláàṣì. Inú iyè ni wọ́n ti ń tú u, lẹ́tà kan ló sì ń júwe ibi tí òmíràn wà. Nínú fíìmù, àṣìṣe kan á hàn bí àmì kékeré lójú àwòrán, a ò ní rí i. Nínú ẹrù yìí, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa hàn yín bó ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kì í mọ è. Òdo àti ení ló mọ̀. Lọ́nà tí à ń gbà kọ Yorùbá sórí ẹ̀rọ lónìí, 11000011 10101000 ni è. 11000011 10100000 sì ni à. Ẹ wò ó dáadáa: nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Bí iyè ẹ̀rọ bá sọ ení kan yẹn di òdo, ẹni tó kọ "ìyè" á ṣí ìwé rẹ̀ lọ́la, á bá "ìyà" níbẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí àmì ohùn kan lè dá sílẹ̀, ó yẹ kí èyí yé wa ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Àyè irú òdo àti ení bẹ́ẹ̀ sì pọ̀. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Compaq, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Houston lọ́dún kan náà, kéde kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbé rìn. Iyè rẹ̀ jẹ́ 128 KB. Ẹyọ RAM 8 GB kan nínú ẹ̀rọ àbúrò mi jẹ́ ìlọ́po 65,536 ìyẹn, àyè inú rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 68. Ọ̀kan péré tó bá ń purọ́ nínú wọn ti tó láti dá iṣẹ́ dúró.

A pa ẹ̀rọ náà, a yọ okùn iná, a fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná ara wa má baà ba nǹkan jẹ́. RAM méjì ló wà nínú rẹ̀. Ojú wúrà wọn ti ṣú díẹ̀, a fi rọ́bà tí ọmọ fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ rọra nù wọ́n. A fi ọ̀kan padà, a tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kẹ́, a sì fi Memtest86+ sínú fláàṣì mìíràn. Chris Brady ló kọ́kọ́ ṣe Memtest86 ní 1994. Èyí tí a lò ni Samuel Demeulemeester fà yọ lára rẹ̀ ní 2004. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ olùkọ́ tó ń pe àkọ́sórí lọ: á kọ òdo àti ení sí gbogbo àyè, á ní kí RAM kà wọ́n padà. RAM àkọ́kọ́ kà á títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ṣìnà. A fi èkejì sí ihò kan náà lówùúrọ̀ Sọ́ńdè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò. A gbé e lọ sí ihò kejì, pupa náà ni. A mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ihò ló burú.

Mo jókòó ti àwọn ìlà pupa yẹn, mo ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ohun tí mò ń wò mu. Kì í ṣe ìgbàgbé. Ẹni tó gbàgbé á dákẹ́, tàbí kí ó ní "mi ò rántí mọ́." RAM yìí kò dákẹ́. Òmíràn ló ń dá padà, pẹ̀lú ìdánilójú. A ní àṣìṣe, a ní àṣìsọ, a ní àṣìgbọ́; ẹ jẹ́ kí àṣìrántí bá wọn jókòó, nítorí ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Àìsàn tó ń fa àṣìrántí sì ti ní orúkọ tipẹ́. Àgbàlagbà tó ń fi orúkọ òkú pe ọmọdé kò mọ̀ pé òun ṣì í pè. Iyè rẹ̀ ló ra.

Ní ti irú ọ̀rọ̀ tuntun báyìí, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kò kan kọ̀ǹpútà. Àwọn tó bá máa ṣe ti kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n tó ka ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n á fi mú ìrántí, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ara àti ọkàn.

Mo pe ìyá wa padà lọ́sàn-án Sọ́ńdè náà. "Màmá, a ti rí i. Iyè rẹ̀ ló ra."

Kò béèrè kí ni iyè kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bí iyè rẹ̀ bá ra, ẹ lọ ra òmíràn."

Etí lásán kò lè ya ra méjèèjì yẹn sọ́tọ̀. Rà ni èkejì, ohùn ìsàlẹ̀ ló ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ohùn àárín. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí ipò òmíràn, ohùn rẹ̀ á padà sílé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a rà á.