Ọdún Kérésìmesì Nígbà Tí Owó Kò Tó

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:1–7, Lúùkù 14:28–30

Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún bí ọjà ti rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti gbéra, tí owó oúnjẹ sì tẹ̀lé e. Ní 2024, ìjọba sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù di 70,000 náírà. Ẹni tó bá ti gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà mọ ibi tó ń parí sí. Ẹ̀kọ́ wa yìí wà fún àwa tí a ó ṣọdún, tí a ó sì tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ní Jánúárì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo opó inú Bíbélì kíkà wa. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Èlíṣà kò fún un lówó. Ohun tó kù nínú ilé ni ó béèrè. Nígbà tí òróró sì pọ̀ tán, ẹ ṣàkíyèsí bí wòlíì ṣe to ọ̀rọ̀ náà: kí obìnrin náà tà á, kí ó san gbèsè, lẹ́yìn náà kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù. Gbèsè ló ṣíwájú, oúnjẹ ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń yí ètò yìí po ní Dìsẹ́mbà.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe ètò ìnáwó ọdún, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí adìẹ. Jánúárì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí tọkọtaya jókòó pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sí mọ́, kí ó pe ọmọ rẹ̀ tó ti gbọ́njú. Ká ní 100,000 náírà ni gbogbo ohun tó máa wọlé. Ìdámẹ́wàá, 10,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà kejì, 35,000. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sílé bàbá àgbà, 15,000. Ẹ rántí pé iye tí awakọ̀ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ Kérésì kì í ṣe ti ọjọ́ lásán. Ó ku 40,000. Òun ni owó ọdún wa, òun náà la ó sì gbé lọ sọ́jà.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú á máa tì wá láti ná 40,000 nígbà tí ará ilé kejì ń gbé àpò ìrẹsì wọlé. Ibẹ̀ ni gbọ́mú-lé-lántà ti ń rí wa mú. Ká ní a yá 50,000, tí a ó máa san 2,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24: 60,000 ni a ó san. Ìrẹsì ti tán kí oṣù tó parí, ṣùgbọ́n a ó máa san owó rẹ̀ títí di nǹkan bí ìparí oṣù Karùn-ún. Àwọn kan tilẹ̀ ń yáni lówó lórí fóònù, tó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá yẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè, títí kan àna àti pásítọ̀. Ẹni tó ń ṣòwò tún ní ewu tirẹ̀: kó jẹ ojú owó. Bí ojú owó bá wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, kí ni a ó fi ra ọjà ní Jánúárì?

Kí ni a lè ṣe? Èésú tàbí àjọ tí a bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta tàbí Kẹrin ló dára jù, kí a sì jẹ́ kí tiwa bọ́ sí oṣù Kọkànlá, kí ọjà tó gbóná. Kí ìdílé mẹ́rin ra àpò ìrẹsì kan, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Bákan náà ni ẹran màlúù. Òròmọdìẹ àgrìkì tí a rà ní àárín oṣù Kẹwàá á ti tó pa nígbà ọdún, ṣùgbọ́n ẹ ka owó oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó pè é ní ọ̀pọ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó náà dára. Ẹran rẹ̀ le díẹ̀, ó sì ń jẹ gáàsì, nítorí náà ẹ sè é lórí iná igi bí ẹ bá ní àyè. Iṣu kì í wọ́n ní Dìsẹ́mbà bíi ti oṣù Kẹfà. Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò kì í ṣe oúnjẹ ìtìjú lọ́jọ́ ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, kó wá gún un.

A kò gbọdọ̀ yọ abọ́ aládùúgbò kúrò nínú ètò. Mùsùlùmí tó gbé ẹran Iléyá fún wa ń retí tiwa, bó ti wù kó kéré mọ. Ti àwọn aláìní náà ńkọ́? Ní Dìsẹ́mbà 2024, ọmọdé 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi àríyá tí a pè wọ́n sí. Kò pẹ́ sí i tí àwọn èèyàn tún kú ní Abuja àti Òkìjà níbi tí a ti ń pín oúnjẹ. Ẹ má ṣe rán ọmọ yín lọ síbi èrò bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá sì fẹ́ fúnni ní nǹkan, kí a gbé e lọ sílé opó ní ìrọ̀lẹ́, láìsí fọ́tò.

John Wesley sọ nínú ìwàásù rẹ̀ kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn Mẹ́tódíìsì àkọ́kọ́ ní Oxford. Owó tó ń wọlé fún un lọ́dún jẹ́ pọ́n-ùn 30. Ó fi 28 gbọ́ bùkátà, ó fi 2 tọrẹ. Nígbà tí owó náà di 60, tó di 90, tó di 120, 28 náà ló ń ná. Ohun tó ń pọ̀ sí i ni ọrẹ rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ tuntun kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ fún wọn ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbọ́ pé bàtà tuntun tàbí aṣọ tuntun, ọ̀kan ṣoṣo ni, á yan èyí tó fẹ́, kò sì ní sunkún láàárọ̀ ọdún.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:

1. Kí nìdí tí Èlíṣà fi béèrè ohun tó wà nílé opó náà kó tó ṣe ohunkóhun?

2. Nínú ìdílé yín, ta ló mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde ní Dìsẹ́mbà tó kọjá?

3. Lẹ́yìn aṣọ ìkórè, ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ wa tún dá aṣọ Kérésìmesì lọ́dún yìí? Kí opó àti àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí akọ̀wé sì kọ ìpinnu sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká.