Ilẹ̀ Ìpakà Arauna àti Àwọn Orin Inú Laptop Mi

Ẹ kọ́kọ́ ka 2 Samuẹli 24:18–25.

Jeddo ni mo ń gbé nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní agbègbè Warri. Dátà wọ́n nígbà yẹn, nítorí náà ní gbogbo alẹ́ Fúráìdè ni mo máa ń gbé laptop mi lọ sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí Wi-Fi wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí n ó sì máa dáńlóòdù orin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orin ìyìn ni gbogbo rẹ̀ o! Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin. Mo kó wọn sínú folder kan tí ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi náà lè ṣí. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà á fi Bluetooth gbà á sórí fóònù. Wọ́n ń pè mí ní Bíṣọ́ọ̀bù Orin, inú mi a sì máa dùn.

Ní ọdún 2012, a pe arábìnrin olórin kan láti Sapele wá sí alẹ́ ìyìn wa. Wọ́n gbé páálí àwo CD tuntun wọn dání, ₦200 lẹ́yọ kan. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́, gbogbo ilé ló ń bá wọn kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ àwo náà kò tíì pé oṣù kan tó jáde. Arábìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣiṣẹ́ níbí. Èmi mọ̀ pé folder mi ni.

Nígbà tí ìsìn parí, àwo mẹ́ta péré ni wọ́n tà. Èmi ni mo gbé páálí náà sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa fún wọn. Wọ́n rọra bi mí bóyá ẹgbẹ́ lè fi nǹkan kún owó ọkọ̀ wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Dafidi ti ń bá mi jà. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa 70,000 ènìyàn. Gadi wòlíì ní kí ọba lọ tẹ́ pẹpẹ ní ilẹ̀ ìpakà Arauna. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú sì ni. Arauna fúnra rẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀, màlúù àti igi ta á lọ́rẹ. Síbẹ̀ Dafidi kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní kọ́bọ̀ rúbọ, ó sì san 50 ṣekeli fàdákà.

Àwíjàre tiwa ni pé, "A ò kúkú tà á, Ọlọ́run la fi ń yìn." Àwíjàre Dafidi lágbára ju èyí lọ. Arauna sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí ó máa mú un. Ta ni nínú àwọn olórin inú folder mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Àwọn kan wà tí wọ́n ń fúnra wọn gbé orin wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ló lè sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Wi-Fi ni ilé-ẹ̀kọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe orin.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lẹ́jọ́ lórí irú nǹkan báyìí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn san $12,000 kí ẹjọ́ tó parí. Ní Nàìjíríà, Òfin Copyright ti 2022, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. N kò rò pé ọlọ́pàá kankan ń bọ̀ ní yàrá yín. Jakọbu 5:4 ló ń bà mí lẹ́rù: níbẹ̀, owó iṣẹ́ tí wọn kò san ló ń ké, Olúwa sì ń gbọ́.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Gààrí ni èmi náà ń mu. Ṣùgbọ́n ₦200 tí a kò rí fún àwo, a máa ń rí i fún súyà.

Lẹ́yìn tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́, mo gba nọ́ńbà arábìnrin náà, mo pè wọ́n, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Mo ní mo fẹ́ san án. Wọ́n ní, "Àwo mélòó?" Sakeu mọ àwọn tó rẹ́ jẹ, èmi kò lè kà á, nítorí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ti fún ẹlòmíràn. Mo fi owó àwo 100 ránṣẹ́, mo sì pa folder náà rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa báyìí fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí ẹ̀gbọ́n wá gbọ́ orin dídùn. Orin arábìnrin náà ni.