Ìbọn Tí Kò Ní Ọta: Bí Eré Laser Tag Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Òtútù Kuru ti dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wo bí lẹ́tà mi ṣe rí. Wọ́n ní kí àwa JSS 2 kọ ẹ̀kọ́ lórí eré tí a fẹ́ràn. Àwọn kan ti mú bọ́ọ̀lù, àwọn kan mú ayò. Èmi mú laser tag, torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo sì ti fi ṣe àṣìṣe kan tó yẹ kí gbogbo yín gbọ́.

Ní ọlidé tó kọjá, mo lọ sí Èkó lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi. Ọjọ́ ìbí ọmọ wọn bọ́ sí àsìkò yẹn, ni wọ́n bá kó gbogbo wa lọ sí ibi ìṣeré kan ní Lẹ́kí. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláìlápá bíi ti àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, iná kéékèèké wà ní àyà, ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀. Wọ́n tún fún wa ní ìbọn oníke. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ògiri kúkúrú kúkúrú pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà alẹ́ tí wọ́n ti pa. A pín sí ẹgbẹ́ méjì, pupa àti búlúù. Tó o bá yìnbọn tó sì ba ẹnì kan, iná ara ẹ̀wù onítọ̀hún á kú, ẹ̀wù náà á gbọ̀n jìgìjìgì, kò sì ní lè yìnbọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àkókò bá pé, kọ̀ǹpútà á gbé máàkì kálukú jáde. Àwa méjìlá la ṣeré, ipò kọkànlá ni mo ṣe. Ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí gan-an, tí ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ló yìnbọn bà mí jù, torí kúkúrú ni, kò sí ògiri tí kò lè lúgọ sí.

Tí ẹ bá ti ṣe bojúbojú rí, ẹ ti mọ ìdajì eré yìí: sá pamọ́, yọjú, sáré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí pé "o ò bà mí!" tàbí "irọ́ ni, mo bà ẹ́!" Ẹ̀wù ló ń ṣe rẹfirí. Ká ní a ní i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ni, ìjà á dínkù.

Amẹ́ríkà ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà ibẹ̀ ti ń lo irú ìbọn oní-ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́ ogun láìpa ara wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Carter ló sọ ọ́ di eré fún gbogbo ayé. Fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977 ló gbé èrò náà sí i lọ́kàn, ó sì ṣí ibi ìṣeré tó pè ní Photon ní ìlú Dallas ní 1984. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Worlds of Wonder gbé èyí táwọn ọmọdé lè ṣe nílé jáde, wọ́n pè é ní Lazer Tag.

Ó yá, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan ń jáde ní orí rẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Infrared ni wọ́n ń pè é. William Herschel ló rí i ní 1800: ó fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ooru ibẹ̀ sì ga ju ti àwọ̀ tó kù lọ. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí náà ló ń jáde lẹ́nu ìbọn laser tag. Gíláàsì kékeré kan wà níwájú gílóòbù inú rẹ̀ tó ń kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ kó má bàa fọ́n ká jù. Ojú kéékèèké tó wà lára ẹ̀wù ló ń gbà á.

Ẹ lè béèrè pé, oòrùn náà ní infrared, gílóòbù ilé náà ní, kí ló dé tí ẹ̀wù kì í rò pé oòrùn ń yìnbọn lu òun? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ìmọ́lẹ̀ ìbọn náà kì í kàn tàn lásán, ó ń ṣẹ́jú kíákíá, nǹkan bí ìgbà 38,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bíi ti ọ̀pọ̀ rìmóòtù. Ohun tó bá ń ṣẹ́jú báyẹn nìkan ni ojú ẹ̀wù máa ń dá lóhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó máa ń fi ìṣẹ́jú náà sọ, bí àyàn ṣe ń fi ìlù pe orúkọ ènìyàn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń dà mí láàmú nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá le jù, ó lè bo ìmọ́lẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ṣe é nínú ilé tàbí nírọ̀lẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò tíì dárúkọ lésà nínú gbogbo àlàyé yìí. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìbọn náà, kò sí lésà tó ń gba máàkì. Orúkọ lásán ni. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, ohun tó sì kó mi sí wàhálà nìyẹn.

Nígbà tí a padà sí sukúù, mo ra iná lésà kan ní ìgboro Jos, èyí tó dà bíi bírò, tó ń tan àmì pupa sí ara ògiri. Mo rò pé òun kan náà ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, a bẹ̀rẹ̀ eré nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Iwájú orí ọ̀rẹ́ mi ni mo fojú sùn, àmọ́ ó yíjú, iná náà sì wọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Mi ò tètè gbé e kúrò, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń rí àmì dúdú kan láàárín gbogbo ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àmì náà fi wà kó tó pa rẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, èmi ni mò ń pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀, mi ò sì lè sùn dáadáa.

Mo wá lọ bá olùkọ́ físíìsì kí wọ́n ṣàlàyé fún mi. Theodore Maiman ló ṣe lésà àkọ́kọ́ ní 1960. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń fọ́n ká, ti lésà kì í fọ́n ká tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wọ ojú, gíláàsì inú ẹyinjú á tún kó o jọ sójú kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹyinjú, bí a ṣe ń fi gíláàsì kó oòrùn jọ láti jó bébà. Ibi tó bá jó lè má san mọ́. Lésà tí agbára rẹ̀ kò ju mílíwáàtì 1 lọ, ojú á ti ṣẹ́ kó tó ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ohun kejì tí olùkọ́ sọ fún mi nìyí. Ní 1987, ní ìpínlẹ̀ California, ọmọ ọdún 19 kan ń ṣe eré yìí lálẹ́. Ọlọ́pàá kan rí i, ó rò pé ìbọn gidi ló gbé dání, ó sì yìn ín pa. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí à ń gbé. Sójà wà ní ojú ọ̀nà wa, àwọn kan nínú wa sì ti gbọ́ ìró ìbọn gidi nílé wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ṣe eré ìbọn oníke ní pápá lọ́jọ́ ayẹyẹ wa, èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀ jù ni mo kọ́kọ́ ní rárá.

Àmọ́ mo ní nǹkan míì. Bọ̀ọ̀dá kan ní SS 2 yọ ojú tó ń gba infrared lára tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́, wọ́n so ó mọ́ bátìrì mẹ́ta àti gílóòbù kékeré kan. Tẹ́ ẹ bá tẹ rìmóòtù sí i, gílóòbù náà á ṣẹ́jú. A fẹ́ rán an mọ́ fìlà. Rìmóòtù la máa fi ta á, kò sí ohun tó jọ ìbọn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá sí ìpàdé ní Friday, olùkọ́ wa á mú fóònù wọn wá: ẹ kọjú rìmóòtù sí kámẹ́rà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí yẹn hàn. Ọ̀rẹ́ mi ló máa kọ́kọ́ dé fìlà náà. Bìrọ́ọ̀mù ni, tìtorí mi ló ṣe wọ ẹgbẹ́ Yorùbá, ó sì ti gbọ́ èdè wa débi pé ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Ojú mi ló fi kọ́ físíìsì."