Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí A Fi Ń Wọn Iṣẹ́

Àgbọ́ìgbọ́tán ní í dá ìjà sílẹ̀. Òtítọ́ òwe yìí a máa hàn nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ kan láti Simawa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ bá fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Wọn a gbé ìwé àdéhùn tí a fi èdè Òyìnbó kọ ka iwájú rẹ̀. Òun a sì fi ọwọ́ sí i, ìbáà yé e, ìbáà má yé e. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú ìwé náà kì í ṣe àjèjì sí bàbá rẹ̀.

Bàbá ń fẹ́ kí iṣu kún àká. Ète yìí ni Òyìnbó ń pè ní “goal”. Ó pe alágbàṣe, wọ́n sì jọ fi ẹnu kò sí igba ebè: iye yìí ni “target”. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ: òpin àkókò yìí ni “deadline”. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní 1864, ìlà tí ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ọgbà Andersonville. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, ìbọn ni. Iye ebè tí alágbàṣe kọ ní tòótọ́, àti bí ó ti kọ wọ́n dára tó, ni “performance”. Bí olóko bá wá yí oko ká, tí ó ka ebè, tí ó sì sọ èrò ọkàn rẹ̀, “appraisal” nìyẹn.

Ẹni tí ó bá da “goal” pọ̀ mọ́ “target” lè kábàámọ̀. Ète jẹ́ ti gbogbo ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n iye tí a dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ó fi bi í léèrè.

Nígbà kan rí, ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀gá ti ń kọ ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí a máa fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ han òṣìṣẹ́ náà. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ohun tí a fi hàn án?

Kí ọ̀dọ́ kọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dájú, kí ó sì máa ka ebè rẹ̀ ní òtítọ́. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá wa ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò wa ọgọ́rùn-ún irọ́.