Fọ́tò Àtijọ́, Sọ́fítíwíà Tuntun

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí fọ́tò tó ti pẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, àti ìdí tó fi yẹ ká tún un ṣe bí a bá ti ní sọ́fítíwíà tuntun.

Oríṣi fáìlì méjì ni kámẹ́rà sábà máa ń tọ́jú: JPEG àti RAW. JPEG dà bí àmàlà, kámẹ́rà ti rò ó tán. RAW dà bí èlùbọ́. Bí èlùbọ́ bá wà nílé, ẹ lè ro àmàlà lónìí, kí ẹ tún rò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ àmàlà padà di èlùbọ́?

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Nínú JPEG, ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Nínú RAW oníbíìtì 14, ó jẹ́ 16,384! Ìdí nìyí tí ohun púpọ̀ fi ṣì lè fara pamọ́ sínú òkùnkùn RAW.

Sọ́fítíwíà tuntun ń ka èlùbọ́ kan náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti já fáfá sí i. Adobe Lightroom yí ọ̀nà tó ń gbà ṣe fọ́tò padà ní 2010 àti 2012. Ní 2023, wọ́n fi Denoise kún un, èyí tó ń ṣa àwọn èérún bíi yanrìn kúrò nínú fọ́tò tí a yà níbi tí iná kò ti tó.

Fọ́tò ọjọ́ ìbí Màmá Àgbà, tí a yà lálẹ́ ní 2009, ni mo fi dán an wò. Léèsì funfun ni Màmá wọ̀. Kámẹ́rà rí funfun yẹn, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú Màmá bá ṣókùnkùn. Wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ lọ báyìí, a ò lè ní kí wọ́n tún wá jókòó ya òmíràn.

Mo tan ìmọ́lẹ̀ sójú wọn, ẹ̀rín wọn yọ kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa Denoise sókè dáadáa, ìlà pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá! Sọ́fítíwíà ò mọ pélé, èérún ló pè é. Mo fà á wálẹ̀ títí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn padà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ wá fáìlì RAW. CR2 tàbí CR3 ló máa ń parí orúkọ ti Canon, NEF ti Nikon, ARW ti Sony.
2. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí àtúnṣe àtijọ́ má bàa sọnù.
3. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ adúmáadán, ẹ má sọ ọ́ di apọ́nbéporẹ́ o.
4. Ẹ fi han àgbà tó mọ ẹni náà. Ẹ bi í pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe rí nìyí?”

Iṣẹ́ ilé

1. Kí ló dé tí aṣọ funfun fi lè mú kí ojú ṣókùnkùn nínú fọ́tò?
2. Ẹ bèèrè fọ́tò àtijọ́ kan lọ́wọ́ òbí yín. Ṣé RAW ni àbí JPEG?
3. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ má gbàgbé àmì ohùn.