Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Iná

*Wọ́n ní kí ọkọ mi dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà náà, ẹja tí mo bá sè kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ọmọ wa ní kí n máa yan án nínú páànù, kí n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ṣé kò ní pa bàbá lára? — Ìyàwó ilé, Ìbàdàn*

Kò ní pa wọ́n lára, màmá. Ìmọ̀ràn gidi lọmọ yín gbà yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kún ṣíbí tíì kan. Mágí wà nínú ìṣirò yẹn o, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọsàn máa ń ta ahọ́n jí, débi pé ẹni tó ń jẹun kò ní fi bẹ́ẹ̀ wá iyọ̀ mọ́.

Ẹ la Titus tàbí kótè sí méjì, ẹ yọ egungun àárín, ẹ ṣàn án, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ má fojú kéré nínù yìí: ẹja tó bá lómi lára yóò lẹ̀ mọ́ páànù, òróró yóò máa ta síni lára, ẹja náà yóò sì máa hó dípò kó pọ́n. Ẹ fi ata gbígbẹ, aáyù àti atalẹ̀ gígún pa á lára, pẹ̀lú iyọ̀ fín-ín-fín. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná kí ẹ tó da òróró ṣíbí kan sí i. Ọ̀rá ara Titus fúnra rẹ̀ yóò kún un. Ẹ kọjú awọ rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ má sì máa fọwọ́ yí i kiri. Bí awọ bá ti pọ́n, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò ṣí kúrò. Ẹ yí i, ẹ dín iná kù, títí ẹran rẹ̀ yóò fi funfun dénú.

Ìgbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ tó fún ọsàn sí i. Iná máa ń ba fítámì C jẹ́, omi ọsàn tó bá sì tètè wọ páànù kò ní jẹ́ kí ẹja pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kó ta sánsán, ẹ rin èèpo ọsàn náà díẹ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n kó má dé ibi funfun, nítorí ibẹ̀ korò.

Ẹ má fi grapefruit rọ́pò ọsàn wẹ́wẹ́ bí bàbá bá ń lo nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí oògùn wọ̀nyí pọ̀ kọjá ìwọ̀n lára. Bí orúkọ oògùn wọn kò bá yé yín, ẹ mú páálí rẹ̀ lọ bá apòògùn.

*Mo rẹ Titus sínú omi ọsàn mọ́jú, ó sì funfun bíi pé mo sè é. Ọ̀rẹ́ mi ará Peru ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹja nílé wọn. Ṣé kí n jẹ ẹ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham*

Àbúrò mi, gbé e kaná. Kíkan ọsàn ló yí àwọ̀ ẹja náà padà, kò sì lè pa aràn Anisakis tó máa ń wà nínú Titus. Ẹja tútù yọ̀yọ̀ ni àwọn ará Peru ń wá fún ceviche wọn, ìyẹn ẹja inú omi ọsàn tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Jẹ́ kí inú ẹja náà gbóná tó 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

*Titus tí mo rà ti rọ̀, ó ń rùn díẹ̀. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí òórùn náà fi lọ, mo sì dín in dáadáa. Kò pẹ́ tí mo jẹ ẹ́ tán ni ojú mi gbóná janjan, orí ń fọ́ mi, ara ń yún mi. Ta ló ṣe mí báyìí? — Oníṣòwò, Agége*

Kò sẹ́ni tó ṣe yín, ẹja yẹn ni. Òórùn ni ọsàn mú lọ, ìbàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí Titus bá ti yọ́ tó sì pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò tíntìntín máa ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ histamine sínú rẹ̀. Iná kì í pa á, yìnyín kì í pa á, ọsàn kì í pa á. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti da ẹja olówó gọbọi nù, pàápàá tó bá jẹ́ pé iná mànàmáná tó lọ ló bà á jẹ́. Síbẹ̀, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹja ni kí ẹ rà kẹ́yìn, kó ṣì le gbagidi nígbà tí ẹ bá ń rà á. Bó bá sì tún ṣẹlẹ̀ sí yín, tí èémí ń há tàbí tí ọ̀fun ń wú, ẹ má dúró po àgbo o; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.